Kòtò Omi Tó Bọ́ Sétí Títì

Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀, gbogbo Kétu sì ń palẹ̀ mọ́ láti lọ sóko. Sùlè ti di irúgbìn àgbàdo mọ́ iwájú kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ìyá rẹ̀ ti jókòó sẹ́yìn, ìyàwó rẹ̀ ti gbé ẹrù karí. Ahéré wọn ní Adakplamè ni wọ́n ń lọ.

"Sùlè, ilẹ̀ etí títì yìí ń kọ mí lóminú," ni ìyá wí. "Yà ní bíróò ìjọba, kí o bi wọ́n léèrè."

Lẹ́yìn tí Dáhòmè gba òmìnira ni ìjọba la títì gba àdúgbò wọn. Wọ́n gba apá kan àgbàlá Sùlè, wọ́n sanwó rẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n títì kò gba gbogbo èyí tí wọ́n sanwó rẹ̀ tán. Ó ṣẹ́ ku ẹyọ kékeré kan tí kò tó ilé í kọ́, láàrin ilé Sùlè àti ti Honoré, akọ̀wé bíróò. Inú ẹyọ yìí ni kòtò omi òjò wọn wà. Ìyá Sùlè àti olóògbé ọkọ rẹ̀ ló gbẹ́ ẹ nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra. Kànga ilẹ̀ Kétu jìn bí ọ̀run. Ẹni tí kò bá ní kòtò omi òjò, ọ̀gbẹlẹ̀ ló ni ín.

Sùlè mú ààlè jáde: ìgbálẹ̀ gbígbó, ìkarahun ìgbín, àkísà pupa. Ó so ó mọ́ ọmọrí kòtò.

"Ta ló máa rí èyí, tí á fọwọ́ kan nǹkan onínǹkan?"

"Olè ni ààlè ń dá dúró, ọmọ mi. Ìjọba kì í ṣe olè."

"Kí ni ìyàtọ̀ wọn?" Ó rẹ́rìn-ín, ó gun kẹ̀kẹ́, wọ́n lọ.

Nígbà tí wọ́n padà lẹ́yìn ìkórè, páànù ti yí ilẹ̀ náà ká, àgádágodo sì wà lẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀. Ààlè Sùlè wà nílẹ̀ níta, adìẹ ń tan án.

Ó sáré dé bíróò. Ọ̀gá ibẹ̀ ní kó jókòó.

"Ilẹ̀ yẹn ti di ti ìjọba látọjọ́ tí ẹ ti gbowó rẹ̀. Bí ẹyọ kan bá ṣẹ́ kù tí kò tó ilé í kọ́, àwọn tí ilé wọn bá a pààlà la máa ń fi lọ̀. A lẹ ìwé mọ́ ògiri níta: ẹni tó bá fẹ́ ẹ, tàbí tó ní ohun kan nínú rẹ̀, kó wá wí kí oṣù tó parí. Honoré wá. Ẹ̀yin dà?"

"Mo wà lóko! Ta ló lẹ ìwé nígbà ìgbìn, tí kò sẹ́nìkan nílùú?"

Ọ̀gá wo Honoré. Honoré ń wo òrùlé.

"Mo so ààlè síbẹ̀," ni Sùlè wí.

"Ẹ̀gbọ́n Sùlè," Honoré dáhùn, "ààlè yín ò gbọ́ Faransé."

Gbogbo bíróò bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ní ó lè gbẹ́jọ́ lọ sí kóòtù ní Àjàṣẹ́ bó bá fẹ́, àmọ́ ìwé ilẹ̀ ti jáde lórúkọ Honoré.

Ọ̀gbẹlẹ̀ dé, Honoré sì ń ta omi kòtò náà fún aráàdúgbò. Ìyá Sùlè gbé igbá, ó lọ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn páànù.

"Ìyá, ẹ sanwó bí àwọn yòókù," ni Honoré wí.

"Orí mi yìí ni mo fi kó erùpẹ̀ inú rẹ̀."

"Ẹ ṣeun. Ó jìn dáadáa."

Ìyá yí padà. Ó búra pé òun ò ní ra omi òun láéláé. Omi àbàtà ọ̀nà Kpankou, níbi tí màlúù ti ń mu, ni ìyàwó Sùlè wá ń pọn. Ó ń sè é, ṣùgbọ́n òùngbẹ kì í jẹ́ kí ìyá dúró kó tutù. Á lọ bu èyí tí wọn ò tíì sè mu nínú ìkòkò. Ìgbẹ́ gbuuru mú un. Nọ́ọ̀sì ní omi tí wọn ò sè ni. Ó ti pẹ́ jù; ìyá kú.

Àwọn àgbà ní kí wọ́n wá omi mímọ́ wá fún ìwẹ̀ òkú, omi àbàtà kọ́. Sùlè gbé garawa. Honoré tí ó mọ̀ láti ìgbà tí ìyẹn ń rá kòrò nílẹ̀ ni ó wá kúnlẹ̀ fún.

"Mùsé Honoré, ẹ dákun."

Honoré mú kọ́kọ́rọ́ kúrò lọ́rùn. "A kì í ta ti òkú," ó ní. "Ẹ pọn ún lọ́fẹ̀ẹ́."

Omi náà mọ́, ó sì tutù. Òun ni wọ́n fi wẹ ìyá.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, bí ìjọba bá la títì gba ilé yín, ẹ má so ààlè kí ẹ máa lọ sóko. Ẹ mú ẹni tó mọ̀wé dání, kí ẹ̀yin àti aládùúgbò jọ lọ béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi èyí tó ṣẹ́ kù ṣe. Ẹ sọ ohun tí ẹ ní níbẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ lójú yín. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba, ìwé tí ẹ lẹ̀ nígbà tí ìlú ṣófo, ta lẹ kéde rẹ̀ fún? Nísinsìnyí, Sùlè kì í lọ sóko láìyà ní bíróò. Á béèrè, wọ́n á dá a lóhùn. Kò tún sí ilẹ̀ rẹ̀ kankan létí títì mọ́.