Ìwé Ìlera Mùtàlíbù

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni Fọlọ́runṣọ́ figbe ta lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀ ní Ẹ̀jìgbò. Ó ní olè gba ojú fèrèsé wọlé lálẹ́ àná, ó sì jí òǹtẹ̀ iṣẹ́ òun lọ. Aṣojú ilé-iṣẹ́ adójútòfò ni Fọlọ́runṣọ́. Ìwé tó ń tà ló ń jẹ́ kí ilé-iṣẹ́ náà sanwó ìtọ́jú fún arìnrìn-àjò tí àìsàn bá kọ lù lọ́nà Abiján. Kí Ìsípẹ́kítọ̀ Ògúndìran tó bèèrè ọ̀rọ̀ kan, Fọlọ́runṣọ́ ti dárúkọ ẹni tó fura sí: Sàrátù aláṣọ.

Mùtàlíbù, ọkọ Sàrátù, ló ń lọ sí Abiján tí inú rírun dá a dúró ní Kùtọ̀nu. Ó ti wà ní ọsibítù kí ìwé adójútòfò tó yọ lórúkọ rẹ̀, pẹ̀lú òǹtẹ̀ àti ọjọ́ tó ṣáájú ìrìn-àjò rẹ̀. Fọlọ́runṣọ́ ní òun kò tà á, pé obìnrin náà ló jí òǹtẹ̀ láti fi ṣe ayédèrú.

Kí wọ́n tó ránṣẹ́ pe Sàrátù, ó ti fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ àgọ́ ọlọ́pàá. Wọ́n ní kó jókòó sórí ilẹ̀. Ó fa àga, ó jókòó sórí rẹ̀.

“Ojúmọmọ ni mo ra ìwé náà lọ́wọ́ Fọlọ́runṣọ́, ọ̀gá,” ó ní. “Mo sọ fún un pé ọkọ mi ti wà lọ́nà, àìsàn sì ti dá a dúró. Ó ní kò séwu, òun á kọ ọjọ́ tó ti kọjá sí i. Mo rò pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ẹ tì mí mọ́lé bó bá wù yín. N ò ní sọ pé mo jalè.”

Ògúndìran bi í léèrè ẹni tó mú ìwé náà lọ sí Kùtọ̀nu. Ó ní Ádámù awakọ̀ ni. Ní gáréèjì, Ádámù fi yé ìsípẹ́kítọ̀ pé Ọjọ́bọ̀ tó kọjá lòun fi ìwé náà lé akọ̀wé ọsibítù lọ́wọ́, òǹtẹ̀ sì wà lára rẹ̀.

Ìsípẹ́kítọ̀ wá yẹ ọ́fíìsì wò. Irin fèrèsé ti wọ́. Àmù omi wà nísàlẹ̀ rẹ̀ gan-an nínú ilé, kọ́ọ̀bù dojú dé lórí ọmọrí rẹ̀. Fọlọ́runṣọ́ búra pé òun kò fọwọ́ kan nǹkan kan látàárọ̀.

Ògúndìran kó gbogbo wọn jọ sí àgọ́.

“Fọlọ́runṣọ́, Ọjọ́bọ̀ ni ìwé yẹn ti dé Kùtọ̀nu pẹ̀lú òǹtẹ̀. O ní àná ni wọ́n jí òǹtẹ̀. Kí ni Sàrátù wá fi tẹ̀ ẹ́? Ẹni tó bá gba fèrèsé yẹn wọlé, orí àmù ni yóò bọ́ sí, kọ́ọ̀bù orí rẹ̀ kò sì yẹ̀. Kò sẹ́ni tó wọlé. Ìwọ lo tẹ irin náà wọ́.”

Fọlọ́runṣọ́ dìde. Ó mú wọn lọ sílé rẹ̀, ó yọ òǹtẹ̀ jáde nínú àpò gàárì. Ó jẹ́wọ́ pé ọ̀gá òun ti gbọ́ pé ẹni tó ti ṣàìsàn tẹ́lẹ̀ lòun tàwé fún, wọ́n sì ń bọ̀ wá yẹ iṣẹ́ òun wò. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Sàrátù, ó ní kí àwọn yanjú rẹ̀ nílé.

“Gbangba lo ti pè mí lólè,” Sàrátù dá a lóhùn. “Gbangba la ó ti parí ẹ̀.”

Ìsípẹ́kítọ̀ kò tan Sàrátù. Ó ní ìwé náà kò wúlò, nítorí adójútòfò kì í sanwó àìsàn tó ti bẹ̀rẹ̀ kí èèyàn tó rà á. Sàrátù ní òun ti gbọ́. Ó ti di aṣọ ọjà rẹ̀ ní ẹrù. Kùtọ̀nu ni yóò ti tà á láti fi san owó ọsibítù.

“Ẹ kọ ohun tí mo sọ sílẹ̀ kíákíá, ọ̀gá. Ọkọ̀ Ádámù ti fẹ́ gbéra. Bí ọsibítù yẹn ò bá yọ̀ǹda ọkọ mi, ẹnu ọ̀nà wọn ni n ó máa patẹ sí.”