Ilẹ̀kùn Igi Tútù

Àwọn tó wà nínú àgbàlá lọ́jọ́ tí ikọ̀ ọba mú iṣẹ́ wá nìyí: Ìyá Olówùú tó ni ilé, lórí àpótí ìjókòó rẹ̀, pẹ̀lú ìrànwú lọ́wọ́, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, gbẹ́nàgbẹ́nà bíi baba rẹ̀, ọmọ rẹ̀ obìnrin, aránṣọ tí ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ, Ẹlẹ́rìn-ín, ọmọbìnrin gbẹ́nàgbẹ́nà, àti ikọ̀ náà fúnra rẹ̀, nínú agbádá funfun, tó kọ̀ láti bọ́ sábẹ́ òrùlé nítorí ó rí bí ó ṣe tẹ̀. Ẹni tó bá ní òun náà wà níbẹ̀, irọ́ ló ń pa.

"Ọba ní kí n kí yín, ìyá," ni ikọ̀ wí. "Ogun tó ti gba ọ̀pọ̀ ọdún ti tán. Òyìnbó ti la ọ̀nà tuntun, ibẹ̀ sì ni àwọn èrò ń gbà báyìí. Kí gbogbo ilé kó lọ sẹ́bàá ọ̀nà kí òjò tó dé."

"Kí adé pẹ́ lórí," ni Ìyá Olówùú dáhùn. "Ẹ sọ fún wọn pé mo gbọ́."

Ṣùgbọ́n gbígbọ́ kọ́ ni gbígbà.

Bí ikọ̀ ṣe kẹ́yìn sí wọn ni aránṣọ bẹ̀rẹ̀. "Ìyá, ilé yìí ti gbó. Ògiri ẹ̀yìn ti là débi pé ewúrẹ́ ará ilé kejì ń yọjú kí wa láàárọ̀. Ẹ jẹ́ ká wó o, ká fi igi àjà rẹ̀ kọ́ tuntun."

"Ìwọ ni ewúrẹ́ ń kí," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "Mo lè fi òpó mìíràn tì í."

"Òpó yín ti pọ̀ ju ilé lọ, ẹ̀gbọ́n mi."

Ẹlẹ́rìn-ín bú sẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ojú rẹ̀ wà lára ilẹ̀kùn ìta.

Ìgbà tí ogun kù sí dẹ̀dẹ̀ ni ọkọ rẹ̀ kan ilẹ̀kùn náà. Igi tútù ló fi ṣe é, torí kò sí àyè láti sá a gbẹ. Kò pẹ́ tí igi fi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́. Ilẹ̀kùn ń ha ilẹ̀, ó ń ké bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú. Láàárọ̀ tí wọ́n mú ọkùnrin náà tẹ̀ lé àwọn jagunjagun láti máa tún igi ọ̀kọ̀ wọn ṣe, ó fọwọ́ pa ilẹ̀kùn lára. "Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún un ṣe," ló wí fún aya rẹ̀. "Bí mo bá dé, èmi ni n ó parí rẹ̀."

Kò dé. Kò sẹ́ni tó rí òkú rẹ̀, kò sẹ́ni tó rí i láàyè.

"Bí mo bá kúrò níbí," ni Ìyá Olówùú wí níkẹyìn, "ọwọ́ ta ni baba yín yóò ti béèrè mi?"

Irun ti ń funfun lórí ọmọ méjèèjì, síbẹ̀ kò sí èyí tó láyà láti sọ ohun tí wọ́n ti mọ̀ láti kékeré.

"Ìyá," ni gbẹ́nàgbẹ́nà wí, jẹ́jẹ́, "ẹ jẹ́ ká gbé ilẹ̀kùn náà dání. Etí ọ̀nà ni n ó gbé e kọ́, níbi tí gbogbo èrò yóò ti rí i. Bí Bàbá bá ń kọjá, ṣé kò ní mọ iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ ni?"

Ìyá Olówùú ran òwú títí ìrànwú fi kún. "Ó dáa," ló wí. "Ẹ wó ìyókù."

Wọ́n wó o. Wọ́n ru igi àjà lọ, wọ́n fi ògiri sílẹ̀ fún òjò, ilé tuntun sì dìde létí ọ̀nà.

Lọ́jọ́ tí wọ́n mú ìyá wọn débẹ̀, ó wọ aṣọ aláró tí òun fúnra rẹ̀ ran òwú rẹ̀. Ó fọwọ́ ti ilẹ̀kùn síwájú. Ilẹ̀kùn ṣí wẹ́rẹ́, bí ẹni lajú. Ó pa á dé, ó tún un ṣí. Kò ké.

Ọwọ́ ló ṣáájú ọkàn gbẹ́nàgbẹ́nà. Bó ṣe ń gbé e kọ́ ló rí i pé ó ń ha ilẹ̀, ìfági sì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó rántí ohunkóhun. Ẹni tó mọ iṣẹ́ kì í rí ilẹ̀kùn tó lọ́ kó fojú fò ó. Ó fá a, ó ta òróró sí ìdí rẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn. Àfìgbà tó rí ojú ìyá rẹ̀ ló tó rántí ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀. Ó yọ́ lọ sẹ́yìn ilé, àgbàlagbà ọkùnrin, bí ọmọ tó fọ́ ìkòkò.



Ìyá Olówùú dúró lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn alájàpá ń kọjá pẹ̀lú ẹrù lórí, kò sí ológun kankan láàárín wọn mọ́. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa etí igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá, ó pẹ́ níbẹ̀. Omi bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún.

"Ó ti parí," ló wí sí igi náà. "Ẹ kú iṣẹ́, bàbá wọn. Ẹ sinmi."

Lẹ́yìn náà ló yíjú.

"Ẹlẹ́rìn-ín, lọ pe bàbá rẹ wá. Sọ fún un pé kó má gba ẹ̀yìn wọlé o. Ẹnu ọ̀nà iwájú yìí ni kó gbà."