Àtẹ́wọ́ Tí Bàbá Kò Pa

Nígbà tí gbogbo ohun èlò orin dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà nínú gbọ̀ngàn orin orílẹ̀-èdè, ẹnì kan ṣoṣo ló pàtẹ́wọ́. Bàbá ọmọbìnrin kan tó jókòó tì í ni. Bíríkìlà ni bàbá, ọwọ́ tó sì ti ń gbé búlọ́ọ̀kù láti ìgbà èwe kì í dún wẹ́rẹ́. Àkọ́bí rẹ̀, ẹ̀gbọ́n ọmọbìnrin náà, ló ń torí rẹ̀ pàtẹ́wọ́. Ọmọ náà wà lórí ìtàgé láàárín àwọn olórin, ó gbé fayolíìnì léjìká, ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ níbẹ̀ sì nìyẹn.

Orin kò tíì parí ní tirẹ̀. Apá mẹ́rin ló ní, wọ́n sì máa ń sinmi díẹ̀ láàárín. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kì í pàtẹ́wọ́ títí apá kẹrin yóò fi parí. Ta ló sọ fún bàbá? Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Àwọn ọmọ kíláàsì ọmọbìnrin náà méjì tó jókòó níwájú wọn bojú wẹ̀yìn, wọ́n fọwọ́ bo ẹnu, èjìká wọn ń mì. Ó ṣe ọmọbìnrin náà bíi kí ilẹ̀ lanu gbé e mì.

Ó fa bàbá lápá aṣọ. “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọwọ́ yín kalẹ̀. Ẹ ń dójú tì mí.”

Bàbá ní òun kò mọ̀, kó má bínú. Ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ àárín orúnkún. Ẹyin lọ̀rọ̀, nígbà tó balẹ̀, kò ṣeé kó mọ́.

Apá kẹrin parí. Gbogbo gbọ̀ngàn dìde, àtẹ́wọ́ sọ bí òjò orí páànù. Ọmọbìnrin náà ní kí bàbá pàtẹ́wọ́, pé ó ti tó àkókò wàyí.

“Ẹ máa ṣe é lọ,” ni bàbá wí jẹ́jẹ́. “Mi ò fẹ́ ṣì í ṣe lẹ́ẹ̀kejì.”

Orí ìjókòó ló wà títí àwọn olórin fi wọlé lọ.

Níta, ẹ̀gbọ́n kúnlẹ̀ kí bàbá, ó sì béèrè bóyá orin náà kò dùn mọ́ wọn ni. Bàbá ní ó dùn gan-an, pé ó kàn rẹ òun díẹ̀ ni. Irọ́ tí bàbá pa láti bo àbúrò láṣìírí yìí ló dun ọmọbìnrin náà jù. Omi bọ́ lójú rẹ̀.

“Àǹtí, èmi ni mo ní kí wọ́n má pàtẹ́wọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ń rẹ́rìn-ín, ojú ń tì mí.”

Ẹ̀gbọ́n nu omijé ojú àbúrò rẹ̀. “Mo gbọ́ àtẹ́wọ́ yẹn,” ló wí. “Ẹ̀rù ti ń bà mí látìgbà tá a ti bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí mo gbọ́ ọ ni ọkàn mi balẹ̀. Nígbà tí mo sì rí i pé bàbá ò dìde ní ìparí, mo rò pé mo ti ṣe àṣìṣe.”

Ọmọbìnrin náà bẹ bàbá, bàbá sì ti forí jì í kó tó bẹ̀bẹ̀ tán. Àmọ́ àtẹ́wọ́ ọjọ́ náà ti lọ, kò sẹ́ni tó lè pa á mọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má ṣe torí ẹ̀rín ọ̀rẹ́ tijú ẹni tó bí yín. Ẹni tó ń fi yín rẹ́rìn-ín yóò gbàgbé kó tó délé. Ẹni tó fẹ́ràn yín ni ọ̀rọ̀ yín yóò máa gún lọ́kàn.