Ọ̀já Ẹsẹ̀ Ọláníyọnu

“Di ẹrù rẹ, Wùmí. N kò fẹ́ ọmọ Ilé-Ogbó nínú ilé mi mọ́.”

Ọláníyọnu ló sọ bẹ́ẹ̀ sí ìyàwó rẹ̀ lójú gbogbo agbo ilé, lọ́sàn-án gangan, lọ́dún 1954. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́, nítorí ọmọ Ìwó ni èmi náà, mo sì wà lára àwọn tó dúró lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n ń mirí pé ó tọ́ sí i. Kò tọ́ sí i rárá. A ò sì mọ̀ pé ìtìjú wa ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ta ni kò mọ Ọláníyọnu nígbà náà? Ọsàn tí kò pọ́n ló fi bẹ̀rẹ̀ bọ́ọ̀lù gbígbá lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ Onítẹ̀bọmi. Nígbà tó di géńdé, ẹ̀yìn ni wọ́n fi í sí nínú ẹgbẹ́ ìlú, kó máa ṣọ́ ilé. Ọdún mẹ́jọ gbáko ló fi ṣọ́ ọ. Kì í pariwo, kì í sáré kiri. Á kàn dúró bí ẹni ń retí àlejò, kí o tó ṣẹ́jú, bọ́ọ̀lù ti kúrò lẹ́sẹ̀ ẹni tó ń gbé e bọ̀.

Ẹsẹ̀ lásán la fi ń gbá bọ́ọ̀lù láyé ìgbà yẹn. Wùmí ló máa ń ya ògbólógbòó ìró rẹ̀ pélébé-pélébé, tí á fọ̀ ọ́, tí á sá a sórí ọgbà. Bó bá gbẹ tán, á ká a, á sì fi di ọrùn ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ kó tó lọ sórí pápá. Ẹlòmíràn kì í di ọ̀já náà fún un, ìyá tó bí i pàápàá kì í dì í.

Ọláníyọnu ní àbúrò kan, Olúdáre, ọmọ ìyá kan náà. Iwájú lòun ń gbá, ó sì mọ bọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá yin ẹ̀gbọ́n rẹ̀, oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ìlara burú! Nígbà tí a gbọ́ pé ọkùnrin kan ń bọ̀ láti Ìbàdàn wá wo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àwa àti Ilé-Ogbó, pé yóò mú ẹnì kan ṣoṣo lọ sínú ẹgbẹ́ ńlá tí yóò sì fún un níṣẹ́, Olúdáre ti mọ ẹni tí yóò mú.

Lọ́jọ́ náà, eré kò tíì gbóná tí Ọláníyọnu fi bẹ̀rẹ̀ sí í họ ẹsẹ̀. Ó fi ọ̀tún họ òsì, ó bẹ̀rẹ̀, nígbà tó yá ó jókòó sílẹ̀ láàárín pápá, ó ń họra bí ajá eléégbọn. Ilé-Ogbó gbá mẹ́ta wọlé, Olúdáre sì dá ọ̀kan ṣoṣo padà. Àwọn àlejò ń rẹ́rìn-ín, àwa ń wolẹ̀. Nígbà tí wọ́n tú ọ̀já ẹsẹ̀ náà, irun wèrèpè ló kún inú rẹ̀.

Wùmí ń họ àtẹ́lẹwọ́ nílé. Ó kúnlẹ̀ fún Ẹfúnróyè, ìyá ọkọ rẹ̀, ó ní òun kò mọ̀dí ọ̀rọ̀ náà. Ẹfúnróyè wo ọwọ́ rẹ̀, ó pòṣé.

“Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀.”

Olúdáre, aláfẹnujẹ́, wá ní òun kò fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni o, ṣùgbọ́n kí wọ́n rántí ìlú tí wọ́n ti gbé ìyàwó wá. Ilé-Ogbó kúkú ni. Kí la tún ń wá? Wùmí yíjú sí ọkọ rẹ̀.

“Ẹ̀yin náà gbà á gbọ́?”

Èsì tó gbọ́ lẹ ti kà lókè yẹn. Ó gbé ẹrù karí, ó fẹsẹ̀ rin ọ̀nà Ilé-Ogbó, kò sì sí ẹnì kan nínú wa tó bá a gbé e dé ìta. A gbọ́ pé nílé bàbá rẹ̀, kò bú ọkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Olúdáre ni ará Ìbàdàn mú. Ọjọ́ Ajé kan ni yóò lọ, ọjọ́ Ìsinmi tó ṣáájú rẹ̀ la fẹ́ kó ọmọ tí Jemimah, ìyàwó rẹ̀, bí fún un jáde. Nílé wọn, ìyá bàbá ọmọ ló ń pọn ọmọ jáde, aṣọ tirẹ̀ tó dára jù ló sì fi ń pọ̀n ọ́n. Ẹfúnróyè lọ sídìí àpótí rẹ̀, ó fa òfì tó wà nísàlẹ̀ pátápátá yọ, ó sì bẹ̀rẹ̀. Jemimah gbé ọmọ lé e lẹ́yìn. Ẹfúnróyè ṣẹ̀ṣẹ̀ na ọwọ́ láti tẹ́ aṣọ lé ọmọ ni Olúdáre wọlé láti ìta tí wọ́n ti ń kí i.

“Ẹ má fi kàn án! Wèrèpè wà nínú ẹ̀!”

Ó já aṣọ náà gbà. Ìdì ewé kan tú nínú rẹ̀, èso wèrèpè sì dà sílẹ̀ lójú pásítọ̀ àti gbogbo wa. Jemimah gba ọmọ rẹ̀ mọ́ra.

“Olúdáre,” ni ìyá rẹ̀ wí, “báwo lo ṣe mọ̀?”

Ó dọ̀bálẹ̀, ó jẹ́wọ́. Òun ló tú ọ̀já náà lẹ́yìn tí Wùmí ti ká a, tó gbọn wèrèpè sáàárín rẹ̀, tó sì tún un ká. Èyí tó kù ló fi pamọ́ sísàlẹ̀ àpótí, torí ó mọ̀ pé a kì í ṣí ibẹ̀ àfi lọ́jọ́ ńlá. Òmùgọ̀! Ọjọ́ wo ló tún tóbi ju ọjọ́ àkọ́bí rẹ lọ?

Ará Ìbàdàn gbọ́, ó ní kó jókòó sílé, òun kò fẹ́ ẹni tó lè ṣe ọmọ ìyá rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì fi í sí abẹ́ ìbáwí. Ọdún kan ló fi jókòó sí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, tí kò fẹnu kan Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa. Jemimah gbé ọmọ lọ sílé àwọn òbí rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí Olúdáre jẹ́wọ́ yẹn gan-an, Ọláníyọnu àti ìyá rẹ̀ lọ sí Ilé-Ogbó, àwa náà tẹ̀ lé wọn. Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú yanrìn níwájú ìyàwó rẹ̀, lójú àwọn tó fi í rẹ́rìn-ín lórí pápá. Ẹfúnróyè náà fẹ́ kúnlẹ̀, Wùmí sáré gbá a mú.

“Ìyàwó mi, ọmọ mi ló da eérú. Ojú tì mí.”

“Ẹ dìde, Ìyá. Mo ń bọ̀ nílé.” Wùmí wá wo ọkọ rẹ̀ nílẹ̀. “Mo ti dárí jì yín. Ṣùgbọ́n ọ̀já ẹsẹ̀ yín, ẹ óò máa dì í fúnra yín.”

Ó padà wá lóòótọ́, ó bímọ mẹ́ta fún un. Ọláníyọnu gbá bọ́ọ̀lù fún Ìwó fún ọdún mẹ́rin sí i, kò sì sí ẹni tó rọrùn fún láti kọjá lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí bọ́ọ̀lù bá wà, a máa ń rí i létí pápá, tó tẹ̀ ba tó ń di ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Kò mọ̀ ọ́n dì. Kí eré tó pé ìdajì, ọ̀já náà á ti tú, á máa wọ́ nílẹ̀ tẹ̀ lé e. Gbogbo wa là ń rí i, a kàn ń wo ibòmíràn ni.