Ẹ̀rí Tí Julianah Jẹ́

Nígbà tí wọ́n pe Julianah Ọdúntán pé kó wá jẹ́rìí, àyà rẹ̀ kò tilẹ̀ já. Ó dìde láàárín àwọn akọrin, ó rìn lọ síwájú, ó sì dojú kọ ìjọ. Ọjọ́ Ìsinmi kan ni, nínú oṣù kẹta ọdún 1969, ní Iléṣà. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni.

Oṣù mẹ́rin ṣáájú ni ìyá rẹ̀ kú ní Òṣogbo, níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ rélùwéè. Ikọ́ lásán ni wọ́n pè é. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó fi gbẹ̀mí rẹ̀. Lẹ́yìn ìsìnkú, bàbá rẹ̀ mú un wá sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá náà obìnrin ní Iléṣà, kó lè máa bá ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ. Láti ìgbà náà, inú Julianah dà bí ẹsẹ̀ téèyàn jókòó lé títí tí ẹsẹ̀ náà fi kú. Kò sunkún. Ó ń jẹun, kò mọ adùn rẹ̀. Ó ń gbàdúrà láràárọ̀, ọ̀rọ̀ náà kì í kọjá ètè.

Ọ̀gbẹ́ni Béjidé, olórí àwọn akọrin, ló ní kó jẹ́rìí. "Sọ bí Olúwa ṣe tù ọ́ nínú," ló wí. "Ìwọ ni n ó fi ṣe aṣáájú àwọn ọmọbìnrin tí a bá ń lọ síbi ìdíje orin ní Òṣogbo." Julianah kò ní ìtùnú kankan tí yóò sọ. Ṣùgbọ́n ó rò ó pé bí òun bá sọ bó ṣe rí, wọn yóò ní òun kò nígbàgbọ́.

"Mo rí Jésù lójú àlá," ló wí fún ìjọ. "Ó dì mí lọ́wọ́ mú, Ó ní, 'Ọmọ mi, má banú jẹ́ mọ́.' Láti ọjọ́ náà, ayọ̀ ló kún ọkàn mi."

"Halelúyà!" Gbogbo ìjọ pariwo. Àwọn ìyá ń nu ojú. Julianah padà sí àyè rẹ̀, ó jókòó. Kò mọ nǹkan kan lára.

Ní ọ̀sán ọjọ́rú, nígbà tó ti iléèwé dé, ó bá Ìyá Dúrósinmí lẹ́nu ọ̀nà ilé. Aránṣọ ni obìnrin náà, opó sì ni. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ló wọṣẹ́ ṣójà, tí ogun sì pa á lọ́dún tó kọjá. Ètè rẹ̀ ti bó.

"Ẹ káàsán mà. Ẹ wọlé, ẹ jókòó."

"Julianah ọmọ mi, irú àdúrà wo lo gbà? Kọ́ mi. Mo sọ ọmọ mi ní Dúrósinmí, kò dúró sin mí. Mo ń bẹ Ọlọ́run, kò dá mi lóhùn. Láti ọjọ́ Ìsinmi tí mo ti gbọ́ ẹ̀rí rẹ, n kò fi nǹkan kan sẹ́nu. Mo ní n kò ní jẹun àfi bí Ó bá yọ sí èmi náà."

Kò ní ṣòro fún Julianah láti hun àdúrà kan fún un. Ó ti la ẹnu. Ó wá wo ètè tó ti bó náà.

"Màmá, irọ́ ni mo pa."

Julianah jókòó tì í.

"N kò lá àlá kankan, mà. Láti ìgbà tí màmá mi ti kú, bí mo bá ń pe Ọlọ́run, ńṣe ló dà bíi pé mò ń kan ilẹ̀kùn ilé tí kò séèyàn nínú rẹ̀."

Ìyá Dúrósinmí dìde, ó fẹ́ máa lọ. Ó fara ti ògiri. "O jẹ́ kí n máa rò pé èmi nìkan ni Ọlọ́run kọ̀," ló wí. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè rárá.

Julianah sáré po ẹ̀kọ gbígbóná, ó sì bù ú fún un. Obìnrin náà mu ún díẹ̀díẹ̀ títí tí ife fi gbẹ. Lẹ́yìn náà ló béèrè pé, "Èyí tí o sọ fún mi yìí, ṣé o ti sọ ọ́ fún Ọlọ́run?"

"Rárá, mà."

"Èmi náà kò sọ tèmi. Inú ń bí mi sí I, ìyìn ni mò ń kó lọ bá A. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́."

Àwọn méjèèjì kúnlẹ̀. Julianah ní, "Ọlọ́run, mo purọ́ mọ́ Ọ. Màmá mi ti kú. N kò mọ nǹkan kan lára. N kò mọ̀ bóyá O ń gbọ́." Kò sí ìmọ́lẹ̀, kò sí ohùn. Ṣùgbọ́n láti oṣù mẹ́rin, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tó mọ ẹni tí òun ń bá sọ̀rọ̀.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ó jẹ́wọ́ níwájú ìjọ. Ọ̀gbẹ́ni Béjidé yọ ọ́ kúrò láàárín àwọn akọrin. Ẹlòmíràn ló ṣe aṣáájú lọ sí Òṣogbo. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é ní Alálàá. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ kò bá a sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì. Julianah gbà á bẹ́ẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, ó máa ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù Ìyá Dúrósinmí, wọn yóò gbàdúrà kúkúrú, ohun tó bá jẹ́ òótọ́ nìkan ni wọn yóò sọ. Nínú oṣù kẹfà, bó ṣe ń sọ fún Ọlọ́run pé òun kò rántí ohùn màmá òun dáadáa mọ́, omijé já bọ́. Ó sunkún títí ilẹ̀ fi ṣú. Ìyá Dúrósinmí kò ní kó dákẹ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, Ọlọ́run kò ní ká wá fi irọ́ ṣe òun lọ́ṣọ̀ọ́. Ẹ̀rí èké lè fi ebi pa ẹni tó gbà á gbọ́. Ẹni tó bá fẹ́ sún mọ́ Ọlọ́run, kó mú ọkàn rẹ̀ lọ bó ṣe rí gan-an, ì báà jẹ́ òfìfo.