Okùn Bàtà Obed

"Gbé ẹsẹ̀ rẹ wá síbí," ni Uncle Olúsọjí wí. "Jẹ́ kí n fi ibi tí ìbọn kejì máa ń wà hàn ọ́."

Obed gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé orí àga. Òjò ń rọ̀ lu fèrèsé ilé wọn ní Thamesmead, Mummy sì ń bu ìrẹsì sínú àwo. Àbúrò Mummy ni Uncle Olúsọjí. Ọlọ́pàá ni ní ìlú Houston ní Amẹ́ríkà, ó sì wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ wọn. Ó fa àpò awọ kékeré kan yọ nínú báàgì rẹ̀, ó so ó mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ Obed. Òfìfo ni àpò náà. Kò lè gbé ìbọn wọ London, ṣùgbọ́n ó ní bí òun kò bá mú àpò rẹ̀ dání, bí ẹni tó rìn ní ìhòòhò ló ń rí lára òun.

Tamílọ́rẹ, àbúrò Obed, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, bú sẹ́rìn-ín. Ó gbé fóònù, ó ya ẹsẹ̀ náà ní fọ́tò.

"Ìbọn iṣẹ́, ti ìjọba nìyẹn," ni Uncle wí. "Gbogbo ayé ló ń rí i níbàdí rẹ. Bí wọ́n bá já a gbà lọ́wọ́ rẹ ńkọ́? Bí o bá ti parí iṣẹ́, tí o ń lọ ra búrẹ́dì, tí ẹni tí o jù sẹ́wọ̀n wá pàdé rẹ lọ́nà ńkọ́? Ìdí nìyẹn tí a fi ń yan èkejì." Ó na fóònù rẹ̀ sí wọn. Ìbọn ìléwọ́ méjì ló wà níbẹ̀, dúdú kan, aláwọ̀ eérú kan. "Mo fẹ́ ra ọ̀kan tí mo bá padà délé. Mi ò tíì mọ èyí tí màá mú."

"Uncle, èwo lo fẹ́ràn jù?" ni Tamílọ́rẹ béèrè.

"Ta lò ń pè ní 'lo'?" ni Mummy ké láti ìdí ìkòkò.

"Èwo lẹ fẹ́ràn jù, sà?"

Uncle rẹ́rìn-ín. "Ẹni tí kò mọ nǹkan kan á mú èyí tó lẹ́wà. Ohun tí èmi kọ́kọ́ ń bi ara mi ni pé, ṣé mi ò ní fi í sílé? Bó bá wúwo jù, lọ́jọ́ kan wàá ní ṣebí ìsàlẹ̀ ibí lo ń lọ, wàá sì fi í sílẹ̀. Ọjọ́ yẹn gan-an ni ọ̀tá máa dé. Lẹ́yìn náà, kí ó jọ èyí tí ọwọ́ ti mọ̀ lára, torí bí ẹ̀rù bá ba ènìyàn, ọwọ́ ló ń rántí, kì í ṣe orí. Kí ó má sì ní igun kankan tí yóò kọ́ aṣọ." Ó fọwọ́ lu àpò tó wà lẹ́sẹ̀ Obed. "Àmọ́ ti ọrùn ẹsẹ̀ yìí léwu. O ò lè yọ ọ́ ní ìdúró. O gbọ́dọ̀ tẹ̀ ba. Gbogbo ọlọ́pàá ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí a bá dá ènìyàn dúró, tó wá tẹ̀ ba, tó ń wá nǹkan lẹ́sẹ̀, a kì í dúró bi í léèrè ohun tó ń wá."

"Uncle, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tú u," ni Obed wí. "Ara mi ò gbà á."

"Wo ọwọ́ ẹ̀!" ni Uncle wí. "Ọwọ́ tó ń nu ìdí fún àwọn òyìnbó arúgbó. Ṣé ọkùnrin nìwọ yìí?"

"Sọjí, fi ọmọ mi lọ́rùn sílẹ̀," ni Mummy dáhùn. "Ìdí tó ń nù náà ló ra ìrẹsì tí o fẹ́ jẹ yẹn."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, Obed náà rẹ́rìn-ín. Ó tú àpò náà, ó sì wọ bàtà iṣẹ́ rẹ̀. Ó ta okùn rẹ̀ ní kókó, ó tún ta kókó mìíràn lé e. Bàbá arúgbó kan wà ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tó ti ń ṣiṣẹ́, tó ti gbàgbé orúkọ ara rẹ̀, tó sì máa ń fa okùn bàtà ẹni tó bá ń fún un lóúnjẹ. Obed kò bá a wí rí. Kókó méjì ló fi yanjú ọ̀rọ̀ náà.

* * *

Ohun tó ń dun Tamílọ́rẹ kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n nílé. Ìjọ Aládùúrà ni wọ́n ń lọ, nínú gbọ̀ngàn kan lẹ́yìn àwọn ṣọ́ọ̀bù Plumstead High Street. Bíyìí, ọmọkùnrin kan nílé ìwé rẹ̀, ti ya fídíò rẹ̀ níwájú gbọ̀ngàn náà, pẹ̀lú sùtánà funfun àti ẹsẹ̀ lásán. Láti ọjọ́ náà, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò jẹ́ kó sinmi.

"Ìwin ń bọ̀ o! Ẹ tan àbẹ́là!"

"Sister, bàtà dà? Ṣé àwọn áńgẹ́lì ti jí i?"

Bẹ́ẹ̀, ọmọ Yorùbá ni Bíyìí fúnra rẹ̀. Ìyá rẹ̀ máa ń bá Mummy dúró sọ̀rọ̀ ní ọjà Woolwich, ó sì máa ń pè é ní "ẹ̀gbọ́n mi."

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, bí Tamílọ́rẹ àti Jasmine ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ń gba ẹ̀gbẹ́ adágún lọ sílé, Bíyìí ti Tamílọ́rẹ lulẹ̀. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ ẹsẹ̀ kan, ó sì jù ú sómi. "A ti ràn ọ́ lọ́wọ́," ni ó wí. "Ṣebí ẹ kì í wọ bàtà níwájú Ọlọ́run yín." Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀. Pépéyẹ kan lúwẹ̀ẹ́ wá wo bàtà náà bó ti ń rì.

Tamílọ́rẹ dìde. Omijé wà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ kì í ṣe ẹkún.

"Tún fọwọ́ kàn mí. Ẹ̀gbọ́n mi ní ìbọn."

"Ta ni? Obed? Obed tó ń ti arúgbó kiri nínú kẹ̀kẹ́?"

"Ìbọn kékeré ni. Kò ní igun tí yóò kọ́ aṣọ. Ọrùn ẹsẹ̀ ló ń so ó mọ́. Uncle wa tó jẹ́ ọlọ́pàá ní Amẹ́ríkà ló mú un wá fún un." Ó ṣí fóònù, ó na fọ́tò náà sí wọn. Ẹsẹ̀ Obed ni lóòótọ́, pẹ̀lú ṣòkòtò iṣẹ́ tí gbogbo àdúgbò mọ̀. "Bí ẹ bá rí i tó tẹ̀ ba, ẹ ti pẹ́ jù."

Ẹ̀rín dá. Bíyìí wo fọ́tò náà pẹ́, ó fi fóònù tirẹ̀ yà á, ó sì kọjá lọ.

Láti ọjọ́ kejì, wọ́n ń yà fún Tamílọ́rẹ lọ́nà. Ẹnì kan dìde fún un nínú bọ́ọ̀sì. Ọmọ tó ti ń pè é ní ìwin bi í bóyá ó ti jẹun.

"Sọ fún wọn pé irọ́ ni," ni Jasmine wí. "Wọ́n ń fi Bíyìí ṣe yẹ̀yẹ́ báyìí. Wọ́n ní ó ń sá fún akọ nọ́ọ̀sì. Kò dùn mọ́ ọn nínú."

"Jẹ́ kó máa dùn ún."

"Tami, mo ń bá ẹ sọ òótọ́."

"Jẹ́ kí n gbádùn ara mi díẹ̀, kí n tó sọ fún wọn."

Obed fúnra rẹ̀ bi í léèrè ní alẹ́ ọjọ́ kan, bí ó ti ń fọ abọ́. "Kí ló ń ṣe ọmọ Mummy Bíyìí? Mo kí i lánàá, ó sáré gba òdì kejì títì."

Tamílọ́rẹ la ẹnu láti jẹ́wọ́. Ó rántí bàtà rẹ̀ nínú omi. Ó rántí adùn tó wà nínú kí àwọn ọmọkùnrin máa yà fún un. "Bóyá ojú ń tì í ni," ni ó wí.

"Màá tún kí i," ni Obed dáhùn, ó sì nu ọwọ́ rẹ̀.

* * *

Ní Sunday tó tẹ̀ lé e, oòrùn mú dáadáa. Obed ti ilé ìtọ́jú bọ̀ tààrà, Tamílọ́rẹ sì dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn pẹ̀lú sùtánà rẹ̀ tí Mummy ti lọ̀, tó ká sínú ọ̀rá. Orin ti bẹ̀rẹ̀ nínú ilé. Bàtà àwọn ará ìjọ ti kún pákó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, torí kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ gbé bàtà kọjá ibẹ̀.

"Ṣé mo pẹ́?" ni Obed béèrè.

"Wọn ò tíì ka Bíbélì."

Nígbà náà ni Bíyìí àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì yọ ní ìkángun ṣọ́ọ̀bù onírun. Àwọn ọ̀rẹ́ náà ń tì í níwájú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. "Lọ kí i nísinsìnyí! Bruv, ó ti dé!"

"Obed!" ni Bíyìí pariwo. Ọwọ́ rẹ̀ kan wà nínú àpò jákẹ́ẹ̀tì. "Mo gbọ́ pé o ń wá mi. Fi hàn mí. Fi ohun tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ hàn mí!"

Obed yíjú padà. Inú rẹ̀ dùn pé ọmọ náà bá òun sọ̀rọ̀. "Bíyìí! Ẹsẹ̀ mi kẹ̀? Ó yá, dúró, kí n kọ́kọ́ bọ́ eléyìí."

Ó sì tẹ̀ ba.

Bí ó bá jẹ́ bàtà àwọn ẹlòmíràn ni, fífà ni wọn ì bá fà á yọ, wọn ì bá sì nàró. Kókó méjì ni ti Obed. Ó tú ti ọ̀tún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ti òsì lábẹ́ ṣòkòtò. Tamílọ́rẹ rí ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó tẹ̀, ó rí ojú Bíyìí, ó sì mọ ohun tí Bíyìí ń rí. Òun nìkan ló mọ̀ ní gbogbo ojú títì náà pé irọ́ ni. Ó la ẹnu. "Kò ní nǹkan kan!" ni ó fẹ́ ké. Nígbà tí ohùn náà máa fi jáde, Bíyìí ti sáré dé, ọ̀bẹ ọwọ́ rẹ̀ ti wọ ẹ̀yìn ọrùn Obed, ó sì ti jáde.

Obed kò pariwo. Ó jókòó sílẹ̀ láàárín àwọn bàtà bí ẹni tó rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lára okùn òsì.

"Ó fẹ́ yọ ọ́!" ni Bíyìí ń wí, tó ń fi ẹ̀yìn rìn. "Ẹ rí i, ó fẹ́ yọ ọ́!"

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ká etí ṣòkòtò Obed sókè láti wo ìbọn náà. Ìbọ̀sẹ̀ ló bá níbẹ̀. Sùtánà tí Mummy lọ̀ ni Tamílọ́rẹ fi di ojú ọgbẹ́ náà. Àwọn inú ilé ń kọrin lọ. Kí orin náà tó parí, Obed ti kú.

* * *

Lọ́jọ́ tí wọ́n sin ín, Uncle Olúsọjí dúró lẹ́bàá ibojì. "Bó bá jẹ́ pé ó ní ìbọn lóòótọ́ ni, kì bá tí kú," ni ó wí. Mummy kẹ̀yìn sí i. Uncle padà sí Houston. Láìpẹ́, fọ́tò kan dé láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ sí fóònù wọn: ó ti ra ìbọn aláwọ̀ eérú náà.

Ní kóòtù, lọ́yà Bíyìí gbé fọ́tò ẹsẹ̀ Obed sójú ẹ̀rọ ńlá kan níwájú gbogbo ènìyàn. Mummy jókòó lẹ́yìn. Tamílọ́rẹ kò tíì sọ fún un pé òun ló pa irọ́ náà. Ó ti gbìyànjú nígbà púpọ̀, ọ̀rọ̀ náà kò sì jáde.

"Ta ló ya fọ́tò yìí?" ni lọ́yà náà béèrè.

Ó lè sọ pé òun kò mọ̀. Kò sí orí nínú fọ́tò náà, ẹsẹ̀ lásán ni. Bí ó bá sẹ́, Bíyìí kò ní rí ibi sá sí.

"Èmi ni."

"Ṣé ìwọ lo sọ fún Bíyìí pé ẹ̀gbọ́n rẹ ní ìbọn, pé bó bá rí i tó tẹ̀ ba, ó ti pẹ́ jù?"

"Èmi ni mo sọ ọ́." Kò wo ẹ̀yìn. "Irọ́ ni. Ẹ̀gbọ́n mi ò fọwọ́ kan ìbọn rí. Bàtà rẹ̀ ló ń tú."

Ohun kan dún níbi tí Mummy jókòó sí, bí ìgbà tí ènìyàn fẹ́ wúkọ́ tí kò lè wú u.

Àwọn tó gbọ́ ẹjọ́ náà ní Bíyìí jẹ̀bi, ṣùgbọ́n pé ìbẹ̀rù ló sún un ṣe é, wọn kò pè é ní apànìyàn. Ọdún tí adájọ́ fún un kò tó ohun tí Mummy ti ń retí. Ẹnu Tamílọ́rẹ ló pa Obed. Ẹnu rẹ̀ náà ló gé ẹ̀wọ̀n ẹni tó pa á kúrú. Níta, ìyá Bíyìí kúnlẹ̀ fún Mummy lórí òkúta títì. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ foríjì wá." Mummy gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

Wọ́n dá bàtà Obed padà fún wọn nínú ọ̀rá. Ti òsì ṣì wà ní kókó méjì. Mummy kò tú u. Ó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó tò ó sórí pákó lẹ́nu ilẹ̀kùn, kò sì sí ẹni tó gbé e kúrò níbẹ̀.

Ní Sunday tí wọ́n kọ́kọ́ jọ padà lọ, Tamílọ́rẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà náà pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀. Kò lè tẹ̀ ba. Àwọn ènìyàn ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé. Mummy, tí kò tíì bá a sọ̀rọ̀ láti kóòtù, padà wá, ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó sì mú okùn bàtà rẹ̀. Kókó méjì ni.

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Mo ti dárí jì ọ́," ni Mummy wí. Orí okùn náà ló tẹjú mọ́. "Ṣùgbọ́n má pè mí lónìí."

Ó tú kókó kìíní. Ó tú èkejì. Ó bọ́ bàtà náà, ó tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Obed, ó dìde, ó sì wọlé lọ láìmú un lọ́wọ́.

Ẹ̀yin ọmọ tó ń ka ìtàn yìí, wọ́n lè fi yín ṣe ẹlẹ́yà, ó sì lè dùn yín dé egungun. Ẹ sọ fún àgbàlagbà tó fẹ́ràn yín. Ẹ má fi irọ́ tó ń bani lẹ́rù ṣe ààbò fún ara yín, kódà fún ọjọ́ kan. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Irọ́ kò ní ọ̀bẹ lọ́wọ́. Ẹni tó bá gbà á gbọ́ ló ń mú ọ̀bẹ wá, kì í sì í ṣe ẹni tó pa irọ́ náà ni ọ̀bẹ ń bá.