Ṣúgà Inú Máńgòrò Ndinda

Ọmọ náà rọ̀ dirodiro lára òṣùwọ̀n tí wọ́n so mọ́ ẹ̀ka igi, ó sì tọ̀ sí ọkùnrin tó ń wọ̀n ọ́n lára láti àyà dé bàtà. Ọkùnrin náà ò pariwo. Ó ka nọ́ńbà ojú òṣùwọ̀n, ó kọ ọ́ sínú ìwé, ó wá wo ọmọ náà lójú. "Ẹ ṣé, bàbá," ó ní. "Ooru ti ń mú mi tẹ́lẹ̀."

Ndinda tó ń gbé agbọ̀n máńgòrò kọjá bú sẹ́rìn-ín.

"Ìwọ tó ń rẹ́rìn-ín yẹn, wá bá mi gbé èyí tó kàn."

"Dókítà, aṣọ kan ṣoṣo tó mọ́ nílé wa ló wà lọ́rùn mi yìí."

"Èmi kì í ṣe dókítà. Muthiani ni mò ń jẹ́. Ọjọ́bọ̀-Ọjọ́bọ̀ ni mò ń bá àwọn ìyá wọn ọmọ."

Ndinda sọ agbọ̀n kalẹ̀, ó gbé ọmọ tó kàn. Bí wọ́n ṣe pàdé nìyẹn, lábúlé wa níbí ní Makueni, níbi tí ewúrẹ́ pàápàá ti máa ń ṣa máńgòrò jẹ.

Iṣẹ́ Ndinda ni kó gé máńgòrò pẹlẹbẹ, kó tẹ́ ẹ sórí àwọ̀n lábẹ́ ọ̀rá, kí oòrùn gbẹ ẹ́. Nígbà tí Muthiani tọ́ ọ wò, inú ẹ̀ dùn, torí súìtì àti bisikíìtì ni ọ̀pọ̀ ìyá fi ń pa ọmọ lẹ́nu mọ́. Ó kọ́ wọn pé kí wọ́n gé e wẹ́wẹ́ fún ọmọ tó bá ti lé lọ́dún kan, kí wọ́n rẹ ẹ́ sómi lílọ́wọ́ọ́wọ́ títí á fi rọ̀, kí wọ́n sì jókòó tì í bó ṣe ń jẹ ẹ́.

"Kò sí ṣúgà kankan nínú ẹ̀," ó sọ fún wọn. "Èmi ni mo dúró fún Ndinda."

Ẹ̀yìn ẹ̀ ni Ndinda wà nígbà tó sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó ti dúró fún un rí láyé ẹ̀, orí ẹ̀ sì wú.

Láti ìgbà náà ni Muthiani ti ń wá bá a yí máńgòrò lórí àwọ̀n. Ká má purọ́, èyí tó ń jẹ pọ̀ ju èyí tó ń yí lọ.

"Ṣé iṣẹ́ lo bá wá àbí oúnjẹ?"

"Onímáńgòrò mi, ìwọ ni mo bá wá. Tí òjò bá ti dá, ìyá mi á fa ewúrẹ́ mẹ́ta wá bá bàbá rẹ, kó fi tọrọ rẹ fún mi."

Kí òjò tó dá ni nǹkan ti bàjẹ́. Máńgòrò ìparí ọdún náà kan gógó. Ndinda tọ́ ọ wò, ojú ẹ̀ sún kì. Ó rò ó bí àwọn ọmọ á ṣe máa tu ú dànù lójú àwọn ìyá tí Muthiani ti ṣèlérí fún. Ó po ṣúgà mọ́ omi, ó rẹ máńgòrò sí i, ó wá sá a. Ẹ̀ẹ̀kan yìí náà ni, ó sọ fún ara ẹ̀. Ó ṣe é fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún.

"Kí lo ṣe sí èyí tó fi dùn báyìí?" Muthiani bi í.

"Oòrùn ló mú dáadáa."

Bó ṣe sọ ọ́ tán lójú ti bẹ̀rẹ̀ sí í tì í, kò sì yé tì í mọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Syombua, ìyá Muthiani, wọlé wá pẹ̀lú Mumo, ọmọ ọmọ ẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n Muthiani bí, tó jẹ́ ọdún kan ààbọ̀. Òun ló ń tọ́ ọ. Kò jókòó.

"Mo fi máńgòrò rẹ ti àtijọ́ sílẹ̀, mo fi tàná sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Tàná nìkan ni èèrà bò. Ndinda, kí lo fi sí i?"

"Ṣúgà ni, Mama."

"Mumo ò fẹnu kan wàrà mọ́, kò fẹnu kan ẹ̀kọ. Máńgòrò ló ń sunkún fún. Ṣé o rí apá ẹ̀ bó ṣe rí?"

Ndinda wò ó. Apá ọmọ náà ti tín-ín-rín. Ó fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé òun mì.

"Ọmọ mi mọ̀?"

"Rárá, Mama. Kò mọ nǹkan kan."

"Mo fún ọ ní àsìkò dọ̀la, Ọjọ́bọ̀. Fẹnu ara rẹ sọ ọ́. Tó bá jẹ́ èmi ni mo sọ ọ́, ewúrẹ́ kankan ò ní tilé mi wá síbí láéláé."

Ndinda ronú àtisá lọ bá àǹtí ẹ̀ ní Machakos. Kò sá. Ó dúró lábẹ́ igi níwájú gbogbo ìyá lọ́jọ́ kejì, ó ní, "Mo fi ṣúgà sí i. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Muthiani ò mọ̀. Mo tàn yín, mo tan òun náà."

"Ọmọ mi tí eyín ń dùn ńkọ́?" ìyá kan bi í. Ndinda ò lè wo ibi tí Muthiani wà.

Muthiani gbé ìwé sílẹ̀.

"Mo mọ̀," ó ní. "Láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni mo ti tọ́ ṣúgà ẹ̀ wò. Mo ti dúró fún un lójú yín, ìtìjú ò jẹ́ kí n yí ọ̀rọ̀ padà. Mo fẹ́ràn ẹ̀, mo dákẹ́. Mo wọn Mumo, mo rí i pé ó ti jò, mo tún dákẹ́."

Syombua fi aṣọ bojú. Ìtìjú ọmọ ẹlòmíì ló wá wò, tọmọ tirẹ̀ ló bá níbẹ̀, èyí tó tún burú jùyẹn lọ.

Àwọn ìyá gba ìwé lọ́wọ́ Muthiani, wọ́n fún ẹlòmíì. Wọ́n ní kí Muthiani máa gbé ọmọ nìkan ná.

Bí òun àti Ndinda ṣe jọ ń rìn lọ sílé, Ndinda ní, "O mọ̀, o wá jẹ́ kí n máa purọ́ fún ọ."

"Ojú ń tì mí, Ndinda. Mo ṣì fẹ́ fẹ́ ọ. Àmọ́ mi ò lè fẹnu yìí bẹ bàbá rẹ, tí Mumo bá ṣì rí báyẹn."

"Èmi náà ò ní gbà kó tó sanra padà."

Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń lọ sílé Syombua. Ndinda á bu ẹ̀kọ, Muthiani á kọrin, Mumo á tu ú sí wọn lára. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ó gbé ṣíbí kan mì. Lẹ́yìn oṣù méjì, nọ́ńbà ẹ̀ lójú òṣùwọ̀n padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ó tún fi díẹ̀ lé e.

Syombua fúnra ẹ̀ ló fa ewúrẹ́ mẹ́ta wọ àgbàlá bàbá Ndinda.

"Ọmọ yín purọ́," ó ní. "Tèmi bò ó mọ́lẹ̀. Mi ò wá yangàn níbí. Àmọ́ mo rí bí wọ́n ṣe jókòó ti Mumo, mo sì fẹ́ kí Ndinda wá sílé mi."

Bàbá yíjú sí ọmọ ẹ̀. "Ndinda, ṣé kí n gbà á?"

Ndinda ò lè gbójú sókè. Ó rìn lọ bá Syombua, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó sì gba okùn àwọn ewúrẹ́ náà lọ́wọ́ ẹ̀.